Ta Ló Ni Ìtàn Obìnrin Etí Odò?

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọmọ olùkọ́ àgbà abúlé wa pè mí. Ẹni tí yóò wá tún ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe ni mo ń retí, nítorí náà mo gbé fóònù sétí láì wo ẹni tó ń pè.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le?"

Mo ní ara le, ta ló ń sọ̀rọ̀? Ó dárúkọ bàbá rẹ̀ kó tó dárúkọ ara rẹ̀, bí àwọn ọmọ ẹni tó lókìkí ṣe máa ń ṣe. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bínú sí bàbá náà. Ó pẹ́ débi pé ọkùnrin náà ti kú, wọ́n ti sin ín, koríko ti hù lórí sàréè rẹ̀, ìbínú tèmi ò sì kú. Ọmọ yìí ni n kò mọ̀ dáadáa. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe ní Èkó, ó ń lọ láàárọ̀, ó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, bíi ti ọ̀pọ̀ èèyàn ní Abẹ́òkúta níbí. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ jọ ti bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́, ìyẹn ló sì kọ́kọ́ dà mí lọ́kàn rú. Mo fẹ́ fi ohùn líle dá a lóhùn, ẹnu mi ń dáhùn pé "ẹ ṣeun sà" bí ọmọ ilé ìwé.

Ó ní àwọn fẹ́ ṣí ilé ìkàwé kan ní abúlé wa. Òun ló kọ́ ọ, ní ìrántí bàbá òun àti gbogbo òǹkọ̀wé tó ti abúlé náà jáde. Pátákó ńlá kan yóò wà níwájú rẹ̀, wọ́n ti ya ojú àwọn òǹkọ̀wé náà sí i. Wọ́n fẹ́ kí n jẹ́ ìyá ọjọ́ náà, kí n sì ṣí aṣọ lójú pátákó.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

"Nínú gbogbo àwọn tí bàbá wa kọ́ tó ṣì wà, ẹ̀yin lẹ kàwé jù, mà. Àti pé obìnrin ni yín. Ọkùnrin ni gbogbo àwọn tó wà lójú pátákó. Àwọn èèyàn lè sọ̀rọ̀."

Mo ní n ó wá. Ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́, ó pa fóònù. Mo jókòó bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́, tí ìyá ọmọ ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Àbí ọmọ tèmi ni wọ́n gbé fún mi, tí wọ́n ní kí n bá àwọn gbé e? Ọjọ́ náà gan-an ni mo pinnu ohun tí mo fẹ́ ṣe. N ó ṣí aṣọ lójú pátákó, n ó yíjú sí gbogbo ará abúlé, n ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé ìtàn tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ilé yìí, èmi ni mo ni ín. Lẹ́yìn náà kí wọ́n máa wá ibi tí wọ́n á ya ojú mi sí.

Ilé wa wà ní Òwu, ní Abẹ́òkúta, oko wa wà lọ́nà Papalanto. Bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ ẹbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá nìyẹn: ìlú ni a ti ń jẹ́ èèyàn, abúlé ni a ti ń jẹun. Ọjà Láfẹ́nwá ni ìyá mi ti ń tajà, ọjà náà kò sì jẹ́ kó lè tọ́jú ọmọ. Nígbà tó já mi lẹ́nu ọmú, ó gbé mi lọ fún ìyá tirẹ̀ ní abúlé, ó ń wá wò mí nígbà tó bá wá ra gàrí. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ àlejò tó máa ń mú búrẹ́dì wá.

Abúlé náà kò tó nǹkan. Ìlà ilé kan ni, mọ́sálásí kékeré kan, ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ kan, ilé ìwé oníyàrá méjì, àti odò. Síbẹ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ a máa fọ́nnu pé kò sí abúlé tó tó tiwọn nínú ìwé kíkọ. Katikíìsì kan wà níbẹ̀ láyé àtijọ́ tó ń kọ orin ìsìn, orin rẹ̀ dùn débi pé àwọn Mùsùlùmí tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì a máa kùn ún lọ sí oko. Lẹ́yìn rẹ̀ ni télọ̀ kan tó ń kọ ewì ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò ní Abẹ́òkúta. Bí ọjọ́ ewì bá pé, gbogbo abúlé á pé jọ síwájú rédíò rẹ̀. Bí wọn kò bá ka tirẹ̀, á ní bátìrì ni kò lágbára. Ẹni kẹta ni olùkọ́ àgbà, tí ìwé ìtàn rẹ̀ wọ gbogbo ilé ìwé tó yí wa ká. Abúlé tí kò níná, tí kò lọ́nà, ó ní òǹkọ̀wé mẹ́ta. Báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ àwọn obìnrin inú àtíbàbà gàrí. Wọ́n ka àwọn yẹn mọ́ gàrí.

Àtíbàbà náà wà lẹ́yìn ilé ìyá àgbà, ìyẹn ìyá ìyá mi. Ibẹ̀ ni gbogbo obìnrin abúlé ti ń bó ẹ̀gẹ́. Iṣẹ́ tí kì í tán ni, ìtàn la fi ń tì í. Àṣà kan sì wà níbẹ̀ tí n kò tíì bá pàdé níbòmíràn. Bí ẹnì kan bá ní òun ní ìtàn lẹ́nu, àwọn tó kù á dá ọ̀bẹ dúró, wọ́n á bi í pé, "Ta ló ni ín?" Ẹni náà gbọ́dọ̀ tọ́ka sí àgbà kan. Ìyá mi ló ni ín. Ìyá ọkọ mi ló ni ín. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó kú ló ni ín. Gbogbo wa á dáhùn pé, "A kí i o," ọ̀bẹ á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ pé òun ni òun ni ín. Ìyàwó kan tí wọ́n fẹ́ láti ìlú wá dán an wò. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì sọ ọ́ ní A-bí-ara-rẹ̀. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Kódà àwọn ọmọ ń fi kí i láàárọ̀: "Ẹ kú àárọ̀ o, Ìyá A-bí-ara-rẹ̀." Kò pẹ́ tó fi bẹ ọkọ rẹ̀ kí àwọn padà sí ìlú.

Nítorí náà kò sí ìtàn tuntun ní abúlé wa. Gbogbo ìtàn ló ní òkú tó ni ín. Mo gbọ́ ìtàn kan níbẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ ológeere wà nínú rẹ̀, wọ́n ní ìyá kan tó kú kí kẹ̀kẹ́ tó dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ló ni ín, a sì kí i.

Èmi náà pa ìtàn kan níbẹ̀ nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan lọ pọn omi. Nígbà tó gbé igbá rù, òjìji rẹ̀ kò dìde. Ó ní etí odò tutù, òun kò lọ mọ́. "Nílé, inú oòrùn lo máa ń mú mi dúró sí," ni òjìji wí. "O kì í jẹ́ kí n jókòó." Obìnrin náà lọ sílé láìní òjìji. Ọkọ rẹ̀ kò fura. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò fura. Ewúrẹ́ nìkan ló mọ̀, kò sì gba èèpo ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ó ń padà lọ bẹ òjìji rẹ̀, títí di ọjọ́ tó jókòó tì í. Nígbà tí wọ́n wá a lọ, bàtà rẹ̀ nìkan ni wọ́n bá, okùn ọ̀kan ti já, ó ti fi ìko ọ̀pẹ so ó.

Bàtà yẹn ni ẹ̀rí mi. Ìyá mi ló ra bàtà rọ́bà náà fún mi ní Láfẹ́nwá, okùn rẹ̀ já lójú ọ̀nà odò, mo sì fi ìko ọ̀pẹ so ó. Ìyá àgbà kò wọ bàtà rí láyé rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe pa ìtàn bàtà rọ́bà?

Lọ́jọ́ tí mo pa ìtàn náà, ìyá àgbà wà nídìí agbada, ó ń yan gàrí. Olùkọ́ àgbà jókòó lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń dúró de gàrí gbígbóná. Wọ́n bi mí pé ta ló ni ín. Kí ni kí n sọ? Mo ní ìyá ìyá mi ló ni ín. Wọ́n ní a kí i o. Ìyá àgbà gbójú sókè nínú èéfín, ó wò mí, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro gàrí rẹ̀. Ìwò yẹn ni n kò tíì mọ ìtumọ̀ rẹ̀ títí di òní. Ṣé ó ń wò mí nítorí pé mo purọ́ mọ́ ọn ni, àbí nítorí pé mo pa ìtàn rẹ̀ láì kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀?

Nígbà tí gàrí jinná, olùkọ́ àgbà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Níbo lo ti gbọ́ èyí tó o pa yẹn?"

"Lẹ́nu ìyá àgbà ni, sà."

Ó ní kí n tún un pa. Mo tún un pa.

Mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nígbà tí ìwé náà jáde. Ọmọ kíláàsì mi kan ló mú un wọlé, a jọ ń kà á, mo sì bá obìnrin etí odò pàdé ní àárín ìwé, pẹ̀lú ewúrẹ́ rẹ̀ àti bàtà rẹ̀. Orúkọ olùkọ́ àgbà ló wà lójú ìwé. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ó ní òun gba àwọn ìtàn náà lẹ́nu àwọn àgbà abúlé kan. Ní ìsàlẹ̀ ìtàn mi, ó fi ẹ̀kọ́ kún un: kí obìnrin má ṣe máa pẹ́ létí odò.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo lọ bá a nílé. Mo kúnlẹ̀ kí i. Inú rẹ̀ dùn sí mi, ó ní kí wọ́n bù fún mi jẹ. Mo ní mo ti yó.

"Sà, ìtàn obìnrin etí odò, èmi ni mo ni ín."

"Ìwọ kọ́ lo sọ fún mi pé ìyá àgbà ló ni ín?"

"Ohun tí a máa ń sọ nìyẹn, sà. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Mo mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò burú, èyí ló burú jù níbẹ̀. "Ọmọ mi, bí mo bá kọ ọ́ pé ọmọdébìnrin kan ló fi orí ara rẹ̀ rò ó, ta ni yóò rà á? Àti pé bí gbogbo ẹni tó bá pàtẹ́wọ́ sí ìtàn bá ní òun ni òun ni ín, ṣé ojú ìwé á gba orúkọ wa?"

"Ẹ kò kọ orúkọ ìyá àgbà náà, sà. Tiyín nìkan lẹ kọ."

Ó mú ẹ̀dà ìwé náà kan wá, ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹ̀bùn ni fún akẹ́kọ̀ọ́ òun àtàtà, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kí ni ǹ bá ṣe? Wọ́n ti kọ́ mi láti máa fi ọwọ́ méjèèjì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà.

Mo di olùkọ́. Ìwé náà wà lára èyí tí a ń kọ́ àwọn ọmọ. Lọ́dọọdún ni mo ń dúró níwájú kíláàsì, tí mo ń bi wọ́n pé kí ni ìtàn náà kọ́ wa, lọ́dọọdún ni wọ́n ń dáhùn ní ohùn kan náà pé kí obìnrin má ṣe máa pẹ́ létí odò, mo sì ń fún wọn ní máàkì. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọkọ mi, ó ní, "Ẹ̀yin ará Òwu, ẹ kì í jẹ́ kí ìjà kú." N kò sọ ọ́ fún un mọ́.

Lọ́jọ́ ìṣílé, mo tètè wọ ọkọ̀ ní Láfẹ́nwá. Mo fẹ́ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ dàgbà, ẹni tí kò kúrò ní abúlé rí, tí a jọ jókòó nídìí ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ tí mo pa ìtàn náà. Òun ni ẹlẹ́rìí mi. Àwọn tó kù tó wà níbẹ̀ ti kú tán.

Ọ̀nà náà dà mí lójú rú. Mo ń wo fèrèsé, mo ń wá àwọn ọ̀pẹ tí mo fi ń ṣe àmì, búlọ́ọ̀kù ni mo ń rí, àti tírélà sìmẹ́ńtì tó ń lọ tó ń bọ̀. Dẹ́rẹ́bà dúró.

"Màmá, ibi tẹ́ ẹ ní nìyí."

"Ibí kọ́."

"Ibí ni, Màmá."

"Mo dàgbà níbi tí mò ń lọ. Ibí kọ́."

Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo dúró létí ọ̀nà, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò mọ ibi tí mo wà. Ọlọ́kadà kan ló bi mí pé ṣé ilé ìkàwé ni mò ń lọ. Dẹ́rẹ́bà ló tọ̀nà, èmi ni mo ṣì í.

Ọ̀rẹ́ mi jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó dára, síbẹ̀ ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ẹ̀rọ ló ń bá wọn rin ín báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò tíì mọ̀ ọ́n bó.

"Tíṣà dé," ló wí, kò dìde. "Mo rò pé wọ́n á fi mọ́tò gbé ọ wá."

"Ọkadà ni mo gùn."

"Pẹ̀lú gèlè yẹn. Ọlọ́run mà ṣọ́ ọ."

Mo jókòó tì í. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún un, mo ní nígbà tí mo bá sọ̀rọ̀ tán, kí ó dìde kí ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun wà níbẹ̀. Ó dá ọ̀bẹ dúró.

"Ìtàn wo?"

"Obìnrin etí odò."

"Èyí tí òjìji rẹ̀ kọ̀ tí kò tẹ̀ lé e lọ sílé?"

"Òun ni."

"Ìyá àgbà yín ló ni yẹn."

"Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ìwọ náà mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀."

"Rárá, kì í ṣe ọjọ́ yẹn. Ìyá mi máa ń pa á fún wa kó tó di pé o pa á. Ó ní ẹnu ìyá àgbà yín ni òun ti gbọ́ ọ."

"Irọ́ ni."

"Ìyá mi ni ò ń pè ní onírọ́ níwájú ilé rẹ̀ yìí?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo wá bi í nípa bàtà. Mo ní kó sọ fún mi bí ìyá àgbà tí kò wọ bàtà rí ṣe lè fi okùn bàtà sínú ìtàn.

"Bàtà mi ni," ló wí.

"Bàtà tèmi. Ìyá mi ló rà á ní Láfẹ́nwá."

"Ó rà á fún ọ, ó kéré sí ọ lẹ́sẹ̀, ìyá àgbà mú un fún mi. Lẹ́sẹ̀ mi ló ti já. Èmi ni mo so ó. Ìwọ wo àpá yìí." Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú mi. Àpá kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni kò ní àpá lẹ́sẹ̀ ní abúlé?

Mo ṣì rántí bí ìko náà ṣe rí lọ́wọ́ mi, bó ṣe le, bó ṣe gé mi ní ìka. Ṣé èèyàn lè rántí ọgbẹ́ ẹlòmíràn? Mo wá rántí orin. Orin kan wà nínú ìtàn náà tí kò sí nínú ìwé, nítorí pé ojú tì mí, n kò kọ ọ́ fún olùkọ́ àgbà nígbà tó ní kí n tún un pa. Mo gbà lọ́kàn mi pé ọ̀rẹ́ mi tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan á ti gbàgbé, pé èmi nìkan ló kù láyé tó mọ̀ ọ́n. Mo ní kó jẹ́ kí a wò ó, bí ìyá rẹ̀ bá pa ìtàn yìí fún un lóòótọ́, kí ni obìnrin náà fi ń bẹ òjìji rẹ̀?

Kò tilẹ̀ rò ó. Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn, ó ń kọrin sí i:

"Òjìji mi, dìde ká relé,
Oòrùn ti wọ̀, dìde ká relé,
Ta ni yóò bá mi sọ igbá kalẹ̀?"

Ohùn rẹ̀ ti há, ṣùgbọ́n orin náà pé.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìyá mi. Tàbí ìwọ." Ó wò mí. "N kò mọ̀, Tíṣà. Ó ti pẹ́. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, o kú iṣẹ́."

Gbogbo ọdún tí mo fi bínú ń yí lọ lábẹ́ mi bí ìjókòó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà. Bí ìtàn náà bá jẹ́ ti ìyá àgbà lóòótọ́, tí mo gbọ́ ọ nígbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, tí mo gbàgbé, tó wá padà bọ́ sí mi lẹ́nu bíi tèmi ńkọ́? Bí ìyá àgbà náà bá sì rò ó fúnra rẹ̀, òun náà á ti ní ìyá òun ló ni ín. Kò sí ẹni tí mo lè bi. Abúlé yìí ti kọ́ gbogbo wa láti máa tọ́ka sẹ́yìn, ẹni tí a ń tọ́ka sí kò sì sí níbẹ̀ mọ́ láti jẹ́rìí. Síbẹ̀ inú mi sọ fún mi pé èmi ni. Ó sọ ọ́ gidi.

"Ṣé o ṣì fẹ́ sọ ọ́?" ni ọ̀rẹ́ mi bi mí.

"N ó sọ ọ́."

"Ó dáa. N kò ní dìde o. Ṣùgbọ́n n kò ní rẹ́rìn-ín."

Ilé ìkàwé náà dára, n kò ní purọ́. Wọ́n ta ìbòrí, wọ́n to àga, ọmọ olùkọ́ àgbà wọ agbádá, ó ń sá sókè sódò. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó mú mi lọ sídìí pátákó. Mo fa aṣọ. Ojú mẹ́ta ló yọ, katikíìsì, télọ̀, olùkọ́ àgbà. Ọwọ́ kan náà ló yà wọ́n, ojú kan náà ni wọ́n ní, irùngbọ̀n nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Ọmọ olùkọ́ àgbà gba maikírófóònù. Ó ní bàbá òun fẹ́ràn ìtàn kan ju gbogbo ìyókù lọ, pé kí ìyá wa bá wa pa díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó gbé maikírófóònù fún mi.

Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti Òwu. Mo ní, "Mo ní ìtàn kan lẹ́nu."

Àwọn ìyá arúgbó jókòó sẹ́yìn pátápátá, lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn tí mo bá ní ìyàwó ilé nígbà tí mo wà ní ọmọdé, àti àwọn ọmọ wọn tí àwọn náà ti di ìyá arúgbó. Wọn kò bá ara wọn sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé a wà nídìí ẹ̀gẹ́:

"Ta ló ni ín?"

Mo la ẹnu. Mo rí ọ̀rẹ́ mi láàárín wọn, ó di ẹnu rẹ̀ mú bó ṣe ṣèlérí. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo gbọ́ ohùn ara mi nínú maikírófóònù, ó ń lọ káàkiri abúlé, ó ní:

"Ìyá ìyá mi ló ni ín."

"A kí i o."

Mo sì pa ìtàn náà, mo kọ orin inú rẹ̀, wọ́n bá mi gbè é. Ẹ má bi mí pé kí ló ṣe mí. Mo ti bi ara mi. Mo fẹ́ sọ pé ẹ̀rù A-bí-ara-rẹ̀ ló bà mí, arúgbó bíi tèmi. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ mo rò pé òtítọ́ ló já bọ́ lẹ́nu mi kí n tó lè dí i lọ́nà.

Nígbà tí mo parí, omi wà lójú ọmọ olùkọ́ àgbà. Ó ní bàbá òun máa ń sọ pé ìyá àgbà kan ló ni ìtàn náà, pé kò yẹ kí pátákó wà láìsí òun. Ó ní wọn yóò ya ojú kẹrin. Ó yíjú sí mi níwájú gbogbo èèyàn.

"Kí lorúkọ ìyá àgbà, mà?"

Mo la ẹnu lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá Àgbà ni èmi ń pè é. Ìyá ni ìyá mi ń pè é. Orúkọ ìyá mi ni àwọn ará abúlé fi ń pè é, Ìyá Lágbájá. Ta ni yóò pe àgbà lórúkọ níwájú ọmọ? Èmi tí mo kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní orúkọ àwọn ọba tí n kò rí rí, n kò mọ orúkọ obìnrin tó wẹ̀ mí. Mo wo àwọn ìyá lábẹ́ máńgòrò. Wọ́n ń wo ara wọn. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n.

Mo wá orúkọ náà ní Òwu títí, lọ́dọ̀ gbogbo ẹbí. Ẹnì kan dárúkọ kan, ẹlòmíràn ní ti àbúrò rẹ̀ nìyẹn. Ibi tí mo wà nìyí tí ayàwòrán fi dé, ọmọ olùkọ́ àgbà ló rán an. Ó ní kò sí fọ́tò ìyá náà níbì kankan, ṣùgbọ́n wọ́n ní mo jọ ọ́, kí n jókòó fún òun. Kí n wé gèlè àtijọ́.

"Màmá, ẹ má bojú jẹ́."

"Bí ojú mi ṣe rí nìyí."

Mo lè lé e jáde. Mo jókòó.

Ó ti wà lójú pátákó báyìí. Mo lọ wò ó. Ojú mi ni, pẹ̀lú gèlè tí n kò wé rí, wọ́n kọ Ìyá Àgbà sábẹ́ rẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi dúró níwájú rẹ̀ nínú oòrùn, omi ẹ̀gẹ́ ń gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó jọ ọ́," ló wí.

"Ta ló jọ?"

Ó wo pátákó, ó wò mí, ó tún wo pátákó. "Dúró ná," ló wí, kò sì parí rẹ̀.

A padà síwájú ilé rẹ̀. Ó ju ọ̀bẹ kan sí mi, mo jókòó, mo mú ẹ̀gẹ́ kan. Ìtàn kan wà lẹ́nu mi tó ti ń yọ mí lẹ́nu láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé náà, nípa arúgbó kan tí wọ́n gbé ojú rẹ̀ fún ẹlòmíràn. N kò tíì pa á fún un. N kò mọ ẹni tí n ó ní ó ni ín.